Ibo ló yẹ kí iná mànàmáná wa ti máa wá, ta sì ni ń san owó tí kò hàn lójú mítà?

Ẹlẹ́ja Bódìjà béèrè:

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹja yìnyín, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní òkú Èkó, ni mo ń tà ní Ìbàdàn, fírísà mẹ́ta ni mo sì ní nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti pín àdúgbò wa sí Band A ni owó yúníìtì kan ti gbéra láti ₦68 dé ₦225. Wọ́n dín in kù sí ₦206.80 ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó sì tún gòkè sí ₦209.50 ní oṣù keje. Wọ́n ní a ó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Ọjọ́ tí a bá rí i tó bẹ́ẹ̀, mo máa ń dúpẹ́. Ọjọ́ tí a kò bá rí i, mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀, nítorí ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Jẹnẹrétọ̀ yẹn gan-an ló gbé mi dé ibí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló wà, lábẹ́ páànù kan tí èéfín ti sọ di dúdú kirikiri. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà sọ pé orí ń fọ́ òun, èébì sì ń gbé òun. Ìgbà tí mo wọ yàrá tó ti ń to ẹja ni mo rí i pé atẹ́gùn ti yí padà, èéfín sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. A gbé e jáde síta, ara rẹ̀ sì balẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n oorun kò kun ojú mi mọ́jú.

Ìbéèrè mi rèé. Orílẹ̀-èdè tó ní gáàsì, tó ní Odò Ọya, tó sì ní oòrùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, kí ló dé tí iná rẹ̀ fi wọ́n báyìí? Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 sì ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná ti ara wọn kí wọ́n sì máa bójú tó ọjà rẹ̀, Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn tó ti gba àṣẹ náà. Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí a gbé iná wa lé? Àbúrò mi ọkùnrin ní èédú inú ilẹ̀ ló rọjú jù, irú èyí tí wọ́n máa ń wà ní Enugu láyé àtijọ́. Ọmọ mi ní sólà ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ wa, nínú àpò àti nínú ara.

Ará Ìjẹ̀dé dáhùn:

Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀ mọ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí fèrèsé lónìí yìí, kí ẹ sì yí ẹnu èéfín rẹ̀ síbi tí ènìyàn kì í gbà. Afẹ́fẹ́ tó ṣe ọmọ náà bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ẹ̀mí ń bọ́.

Ìdí ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì pèsè iná ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, nítorí náà, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Nínú iná tó ń gba orí giríìdì, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń wá láti ara gáàsì, omi ló sì ń pèsè èyí tó kù. Ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn, tó wà lọ́dọ̀ wa níbí létí ọ̀sà láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ní ẹ̀rọ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé 220 mẹgawáàtì, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,320. Ẹ fi wé èyí: iná tó pọ̀ jù lọ tí giríìdì tíì gbé rí, ní oṣù kẹta ọdún 2025, kò ju 5,801 mẹgawáàtì lọ, fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ju igba mílíọ̀nù lọ.

Ní ti owó, dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ iná ń rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ wa ló ti ń jáde. Ní ọdún 2024, ìjọba fi $2.42 lé òṣùwọ̀n gáàsì kan (MMBtu). Bí ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa bá jó òṣùwọ̀n kan yẹn, bí 100 yúníìtì ni yóò rí yọ nínú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé gáàsì tó wà nínú yúníìtì kan kò tó sẹ́ǹtì méjì ààbọ̀. Bí a bá fi iye yìí kan náà ṣe ìṣirò, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí ₦460, kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, ₦11 ni gáàsì inú yúníìtì kan ì bá jẹ́. Nígbà tí dọ́là di ₦1,500, ó di ₦36. Gáàsì kò kúrò níbi tó wà, ẹ̀rọ kò sì yí padà. Náírà ló já lulẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni owó ọ̀pá tó gbé gáàsì wá láti Escravos, owó ẹ̀rọ tí a fi dọ́là rà, owó wáyà ńláńlá, owó iná tó ṣòfò lójú ọ̀nà àti èyí tí àwọn kan ń jí lò, gbogbo rẹ̀ ló gun ara wọn lórí kí ó tó di ₦209.50 lọ́wọ́ yín.

Ẹ lè wá bi mí pé, gáàsì tí wọ́n ń sun dànù ní Niger Delta ńkọ́? Ọdún 1979 ni òfin ti wà pé kí sísun yẹn dópin nígbà tí ọdún 1984 bá wọlé, iná náà ṣì ń jó títí di òní. Gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde kì í kó ara rẹ̀ jọ: ó ń fẹ́ ọ̀pá, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa tì í. Ẹni tó sì ní in lọ́wọ́ ń wo gbèsè tí àwọn ilé iṣẹ́ iná jẹ, ó tún ń wo Bonny, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń gbé gáàsì tí a sọ di olómi lọ sí òkè òkun láti ọdún 1999, tí wọ́n sì ń san dọ́là sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò fà sí. Ará Niger Delta tí ojú ọ̀run rẹ̀ kì í ṣú lóru ló ń san owó náà, a kò sì rí i kà sára iye yúníìtì wa.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí títí dòní. Bí ẹ bá dúró nítòsí ibi tí ẹ̀rọ gáàsì ti ń tu èéfín, ooru tó ń jáde níbẹ̀ lé ní 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Lọ́sàn-án gangan, mo máa ń rí afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n lókè ẹnu ihò náà bí omi tí ń ṣàn. Ooru yẹn tó láti se omi, kí ategùn omi náà sì yí ẹ̀rọ kejì. Níbi tí wọ́n bá ti so ẹ̀rọ kejì mọ́ ọn, ìdajì agbára gáàsì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò di iná. Níbi tí wọn kò bá so ó mọ́ ọn, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni a ń rí, ìyókù a bá atẹ́gùn lọ. Owó wa ni, èéfín wa sì ni.

Èyí tó kàn yín jù lọ wá ni jẹnẹrétọ̀. Agbára tó wà nínú lítà bẹntiróòlù kan tó bí yúníìtì 9, ṣùgbọ́n irú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ ní kì í yọ ju bíi 2 lọ nínú rẹ̀. Ooru àti ariwo ni ìyókù. Bí ẹ bá ra lítà kan ní ₦900, yúníìtì kan ti di ₦450, ẹ kò tíì ra ọ́ìlì, ẹ kò sì tíì san owó mẹkáníìkì. Lítà kan náà ń tú kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì tó wúwo tó kílò 2.3 sójú ọ̀run, èyí tó fi díẹ̀ lé ní kílò kan lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ gáàsì tó ní ẹ̀rọ kejì kì í tú ju bíi kílò 0.4 lọ, èyí tí kò ní in ń tú bíi 0.6, èédú inú ilẹ̀ sì ń tú bíi kílò kan. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bẹ̀rù pé kí ìpínlẹ̀ má lọ kọ́ ilé iná onéèédú, èédú ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa tipẹ́ ní ti èéfín. Àwọn ìwé tí ń sọ ibi tí iná Nàìjíríà ti ń wá máa ń ka gáàsì, wọ́n máa ń ka omi, wọn kì í sì í ka jẹnẹrétọ̀ yín. Lójú tèmi, ìṣirò tí kò bá ka ìyẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé èédú kì í ṣe ohun tuntun fún wa. Èédú Enugu ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó wá sí Ìjọrà ní Èkó láyé ìjọba àwọn Òyìnbó láti fi pèsè iná. Eérú rẹ̀ ní májèlé nínú, èéfín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti gáàsì. Mi ò rí ìdí tí a ó fi padà síbẹ̀ nígbà tí gáàsì ṣì ń jó dànù.

Ọmọ Jẹ́bà dáhùn:

Mo kí bàbá fún àlàyé tó kún yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí omi, nítorí ìsàlẹ̀ dáàmù ni a bí mi sí.

Wọ́n máa ń sọ pé iná omi kò ní èéfín, àti pé ẹnìkan kì í ra òjò. Òtítọ́ ni méjèèjì. Dáàmù Kainji, tí wọ́n parí ní ọdún 1968, ní agbára 760 mẹgawáàtì. Ti Jẹ́bà tó tẹ̀lé e ní 578. Ti Shiroro àti Zungeru, tó wà lórí odò Kaduna, ní 600 àti 700. Iná wọn ló rọjú jù lọ lórí giríìdì, nítorí a ti san owó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tán tipẹ́. Àmọ́ àwọn tó san án kì í ṣe àwọn tó ń jẹ èrè rẹ̀. Ó lé ní 40,000 ènìyàn tí wọ́n ṣí nípò nítorí Kainji, ìlú Bussa àtijọ́ sì wà lábẹ́ omi títí di òní pẹ̀lú ibojì àwọn baba wọn.

Apẹja ni bàbá tó bí bàbá mi. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya máa ń kún lọ́dún. Omi àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní funfun, ń dé pẹ̀lú òjò tiwa, ẹrẹ̀ ló máa ń gbé wá. Omi kejì, tí wọ́n ń pè ní dúdú, ń ti Guinea bọ̀ gba Mali kọjá. Ó ti máa ń da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sọ́nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹja yóò pamọ àti ìgbà tí a ó gbin ìrẹsì sí àbàtà, àwọn omi méjèèjì yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí dáàmù ti wà, ọwọ́ ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn irin ni ìgbà wà. Ìyá ẹlẹ́ja, ara ìdí tí ẹ fi ń ta ẹja tó gba orí òkun wá nìyẹn, tí ẹja odò fi wọ́n.

Ẹ tún wo ìṣòro àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù náà, kí a má bàa dá wọn lẹ́bi lásán. Ẹni tó bá fẹ́ iná ní ìgbà ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi kún dé ẹnu kí òjò tó dá. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ìlú ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ àgbàrá gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun kan náà kò lè kún kí ó tún ṣófo. Ní ọdún 2012, nígbà tí òjò pọ̀ tí wọ́n sì ní láti tú omi sílẹ̀, oko ìrẹsì láti ẹ̀gbẹ́ Pàtígì sọ̀kalẹ̀ lọ di odò. Òfin tó dá àjọ ìrànwọ́ fún àwa ará agbègbè dáàmù sílẹ̀ jáde ní ọdún 2010, ó sì tó bí ọdún mẹ́wàá kí àjọ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ẹ bá ń ka iye owó iná omi, ẹ ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ọmọ Kétu dáhùn:

Ẹ kú àárọ̀ láti ìhà ọ̀dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn ni kí a máa ra iná lọ́wọ́ aládùúgbò. Ohun tí a ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Àwa àti Togo ní àjọ iná kan ṣoṣo láti ọdún 1968, láti dáàmù Akosombo ní Ghana ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa sì ti ń wá. Ó rọjú, kò sì sí èéfín nílé wa, ṣùgbọ́n ní ọdún 1998 tí omi Akosombo lọ sílẹ̀, Ghana fi ìwọ̀nba tó ní bọ́ ara rẹ̀, òkùnkùn sì bò wá. Ní ọdún 2007 ni wáyà gbé iná láti Ìkẹjà wá sí Sakété; láti ìgbà náà, bí giríìdì yín bá wó, àwa náà máa ń mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ́ ilé iná 127 mẹgawáàtì sí Maria-Gléta ní ọdún 2019, tó lè jó gáàsì tàbí epo, tí wọ́n sì to sólà 25 mẹgawáàtì sí Illoulofin lẹ́bàá Pobè ní ọdún 2022. Iná tiwa wọ́n ju èyí tí a ń rà lọ nígbà mìíràn. Síbẹ̀, mo gbà pé ó tọ́ kí a san án.

Onísólà Ṣàgámù dáhùn:

Iṣẹ́ sólà ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tó dára àti èyí tí kò dára láti ẹnu mi. Páńẹ́ẹ̀lì kò ní èéfín, kò ní ariwo, ó sì lè lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí òrùlé bí a bá ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé owó ọdún mẹ́wàá ni ẹ ó kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó náà sì tún so mọ́ dọ́là gẹ́gẹ́ bí bàbá ti sọ nípa gáàsì. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí ìkùukùu bá bo ìhà ọ̀dọ̀ wa, iná tí yóò mú wá yóò dín gan-an.

Bátìrì ló ń kọ mí lóminú. Bátìrì olómi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà nítorí pé ó rọjú, òjé ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í ju ọdún díẹ̀ lọ. Bí ó bá kú, àwọn tí ń kiri ra bátìrì a gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé. Ògìjo kò jìnnà sí wa níbí. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé òjé ti wọ inú ilẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn níbẹ̀, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìṣeé tún ṣe. Èmi náà ti ta bátìrì tó kú fún wọn rí, kí n tó mọ̀. Nísinsìnyí, bátìrì líthíọ́ọ̀mù nìkan ni mò ń fi sílé oníbàárà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sólà mọ́ tónítóní, ẹ bi í pé níbo ni bátìrì rẹ̀ àtijọ́ wà.

Fún ti ẹja, ìyá, ẹ kò nílò bátìrì púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí páńẹ́ẹ̀lì gbé fírísà lọ́sàn-án, kí ẹ sì fi omi inú ọ̀rá kún àyè tó ṣófo nínú rẹ̀ kí ó di yìnyín. Òtútù tó wà nínú yìnyín yẹn ni yóò gbé ẹja mọ́jú. Ẹ má kàn máa ṣí fírísà lóru.

Ará Ìjẹ̀dé dáhùn:

Ọmọ mi, o káre. Ohun tí o sọ yìí gan-an ni èmi yóò sọ fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bí wọ́n bá bi mí. Ẹ jẹ́ kí oòrùn gbé ọ̀sán, nígbà tí ọ́fíìsì àti ọjà ń lo iná, láìfi bátìrì púpọ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kí dáàmù pa omi rẹ̀ mọ́ di ìrọ̀lẹ́, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó ń tètè jí bíi ti omi. Kí gáàsì dí àlàfo tó bá kù, kí a má sì ṣe ra ẹ̀rọ gáàsì tuntun kankan tí kò ní ẹ̀rọ kejì tí yóò lo ooru rẹ̀. Owó yúníìtì lè má wálẹ̀ kíákíá, n kò ní tan yín. Ṣùgbọ́n gbogbo wákàtí tí iná bá wà ní ₦209.50 ni wákàtí tí ẹnìkan kò tan jẹnẹrétọ̀ ní ₦450, bí ọmọ yẹn náà kò ṣe ní fa èéfín símú.

Ẹlẹ́ja Bódìjà dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìdí ògiri kejì, mo sì ní kí wọ́n fi bíríkì dí fèrèsé yẹn pa. Ní ti yìnyín, mi ò dúró de páńẹ́ẹ̀lì. Lánàá, nígbà tí iná wà lọ́sàn-án, mo to ọgbọ̀n omi inú ọ̀rá sí àárín ẹja nínú fírísà kan, mo sì fi aṣọ òfì ògbólógbòó bo ìdérí rẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n mú iná lọ, a kò sì tan jẹnẹrétọ̀ rárá. Nígbà tí mo ṣí i ní aago márùn-ún ìdájí, ọ̀rá omi tó wà lókè ti ń yọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nísàlẹ̀ ṣì le bí òkúta, ẹja tó wà láàárín wọn náà sì le.